ẸRÚ NÍ BABA, Ọ̀NÀ LÓ JÌN

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn." Òwe yìí kúrú, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò kúrú rárá. Ẹrú tí a rí lójúde yìí kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹnì kan ni ó bí i, ẹnì kan ni ó sọ ọ́ lórúkọ, ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ bí a ti í rìn. Bí ó bá jẹ́ pé àdúgbò kejì ni baba rẹ̀ ń gbé, ta ni yóò gbójú gbóyà láti gbé pàṣán sí i lára? Kì í ṣe pé ẹrú kò lẹ́ni. Ẹni tí ó ní ni kò sí nítòsí. Jíjìn tí ọ̀nà jìn ni ó sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹrú.

Láti inú òwe yìí ni ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ti jáde. Bí àánú ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ rí, tí kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí baba rẹ̀ jìnnà, ǹjẹ́ a lè pe irú àánú bẹ́ẹ̀ ní àánú tí ó pé? Ìbéèrè kejì sì tẹ̀ lé e: ẹni tí ó wẹ egbò ẹrú, àti ẹni tí ó ní kí a tú ẹrú sílẹ̀, èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó fẹ́ràn ẹrú jù?

N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di àròyé lásán. Nítorí náà mo fẹ́ gbé e lé orí ìgbésí ayé àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà mélòó kan tí wọ́n gbé ayé nígbà tí òwò ẹrú ń gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo yan àlùfáà nítorí pé àlùfáà ni ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àánú ni iṣẹ́ òun. Bí a bá fẹ́ mọ bí òṣùwọ̀n ti péye tó, ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ọjà ni a ti í yẹ̀ ẹ́ wò. Mo sì yan òwò ẹrú nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Lukumí ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa tí a kó lọ sí Kúbà. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n ní Bràsíl. Àwa gan-an ni baba tí ọ̀nà jìn sí.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ mẹ́nu kàn ni Bartolomé de las Casas. Ìlú Seville ní ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1484. Ní ọdún 1502 ó bá ọkọ̀ òkun dé erékùṣù Hispaniola, èyí tí Haiti àti Dominican Republic jọ pín lónìí. Ní ayé ìgbà náà, ìjọba Sípéènì a máa pín àwọn onílẹ̀ fún àwọn àlejò tí wọ́n ti òkè òkun wá, kí wọ́n máa wa wúrà fún wọn, kí wọ́n sì máa roko fún wọn. Wọ́n ní kí àwọn àlejò náà fi ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristi san án padà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni àwọn onílẹ̀ rí, wọn kò rí ẹ̀kọ́. Las Casas gba ìpín tirẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbà. Nígbà tí ó di àlùfáà tán, ó tún gba ìpín mìíràn ní erékùṣù Kúbà.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1511, àlùfáà kan tí ń jẹ́ Antonio de Montesinos dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Santo Domingo, ó sì bi àwọn ará ìlú rẹ̀ léèrè ní gbangba pé àṣẹ ta ni wọ́n fi ń fi ìyà jẹ àwọn onílẹ̀, àti pé àbí àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn ni. Inú bí àwọn olówó ìlú. Wọ́n ní kí ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Kàkà kí ó kó o jẹ, ńṣe ni ó tún un sọ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó so èso nínú Las Casas. Ní ọdún 1514, bí ó ti ń múra ìwàásù sílẹ̀ ní Kúbà, ó ka orí kẹrìnlélọ́gbọ̀n nínú ìwé Sirach, níbi tí a ti sọ pé ọrẹ tí ènìyàn fi ohun tí ó gbà lọ́wọ́ aláìní rú kò ṣe ìtẹ́wọ́gbà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó dá àwọn ènìyàn tí a pín fún un padà, ó sì wàásù fún àwọn ará ìlú pé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń jẹ yó.

Láti ìgbà náà títí tí ó fi kú ní ọdún 1566, ìjà àwọn onílẹ̀ ni ó ń jà. Ó sọdá òkun léraléra láti lọ bá ọba sọ̀rọ̀. Ó wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn mú kí ọba ṣe òfin tuntun ní ọdún 1542. Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù Chiapas ní Mẹ́síkò ní ọdún 1544. Ní ọdún 1550 àti 1551 ó bá ọ̀mọ̀wé Sepúlveda jiyàn ní ìlú Valladolid. Sepúlveda ní a bí àwọn ènìyàn kan láti máa sin àwọn ẹlòmíràn. Las Casas ní irọ́ ni, ènìyàn ni gbogbo ènìyàn.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ìbá dùn. Kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1516, nínú ìwé ìmọ̀ràn tí ó kọ sí ìjọba, Las Casas dábàá pé kí wọ́n kó ẹrú, dúdú àti funfun, wá sí ibi ìwakùsà, kí àwọn onílẹ̀ lè sinmi. Ní ọdún 1518 ọba fún ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè rẹ̀ ní ìwé àṣẹ láti kó 4,000 ènìyàn dúdú lọ sí àwọn erékùṣù náà. Las Casas kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn dúdú lọ síbẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó la ẹnu, ẹnu tirẹ̀ kì í sì í ṣe ẹnu ọmọdé.

Kí ni ó ṣe é? Kì í ṣe àìláàánú. Àánú ni ó pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ tí ó fi gba ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ó ti rí àwọn onílẹ̀ tí wọ́n ń kú lójú rẹ̀. Ó mọ abúlé wọn, ó mọ àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ìlú ènìyàn dúdú kò sí níwájú rẹ̀. Ó rò pé ojú ogun tí ó tọ́ ni a ti mú wọn, kò sì wádìí. Ẹni tí ó gbé ẹrù kúrò lórí ọmọ tí ń sunkún níwájú rẹ̀, tí ó lọ gbé e ka orí ọmọ tí ń sunkún lẹ́yìn odi, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀. Etí rẹ̀ nìkan ni ó sinmi.

Nígbà tí ó pẹ́, ó ka ìtàn tí àwọn Potogí fúnra wọn kọ nípa bí wọ́n ti ń kó ènìyàn ní etíkun ilẹ̀ Áfíríkà. Ojú rẹ̀ là. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá rẹ̀ nípa ìtàn ilẹ̀ náà pé bí a ti ń kó àwọn ènìyàn dúdú lẹ́rú kò tọ́ rárá, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn onílẹ̀ kò ti tọ́. Ó sì wí pé kò dá òun lójú pé àìmọ̀ òun yóò gba òun là níwájú ìdájọ́ Ọlọ́run. Mo bu ọlá fún un nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹyin ni ohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Òun fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe tẹ ìwé náà jáde títí ogójì ọdún yóò fi kọjá. Ọdún 1875 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ti bá ọkọ̀ lọ. Ìrònúpìwàdà rẹ̀ jókòó sínú àpótí fún 300 ọdún ó lé.

Ẹni kejì ni Pedro Claver, ará Verdú ní Catalonia, tí wọ́n bí ní ọdún 1580. Ní ọdún 1610 ó dé Cartagena, èbúté kan tí ó wà ní ilẹ̀ Kòlóḿbíà òde òní, ibẹ̀ ni ó sì ti di àlùfáà ní ọdún 1616. Ọjà ẹrú ńlá ni Cartagena nígbà náà. Bí ọkọ̀ ẹrú bá gúnlẹ̀, Claver kì í dúró lórí ilẹ̀ kí wọ́n kó ènìyàn jáde wá bá a. Yóò ru ọsàn, oúnjẹ, ọtí àti tábà, yóò sì wọ inú ikùn ọkọ̀ lọ, níbi tí òórùn ti ń lé àwọn ẹlòmíràn padà. Yóò wẹ egbò, yóò fún òǹgbẹ lómi, yóò fi aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ bo ẹni tí ó ń gbọ̀n. Nígbà tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ ìkẹyìn nínú ẹgbẹ́ Jesuit ní ọdún 1622, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé òun di ẹrú àwọn ènìyàn dúdú títí láé. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ènìyàn tí ó ṣe ìrìbọmi fún tó 300,000. Ó kú ní ọdún 1654.

Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè kò lè ka ìtàn Claver kí n má ronú nípa àwọn ògbufọ̀ rẹ̀. Claver mọ̀ pé kò sí bí ènìyàn ti lè tu ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ nínú. Nítorí náà ó kó àwọn ènìyàn dúdú jọ tí wọ́n gbọ́ èdè oríṣiríṣi. Wọ́n sọ pé ọ̀kan nínú wọn gbọ́ èdè mọ́kànlá, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Calepino, orúkọ ọkùnrin kan tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan. Ẹ wo ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn ikùn ọkọ̀, tí kò mọ̀ bóyá pípa ni wọ́n fẹ́ pa òun jẹ, tí ó ṣàdédé gbọ́ èdè ìyá rẹ̀! Mo gbà pé kò sí ẹ̀bùn tí Claver gbé wọ inú ọkọ̀ tí ó tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹrú ni àwọn ògbufọ̀ wọ̀nyí fúnra wọn. Ilé àwọn Jesuit ní Cartagena ni ó ni wọ́n. Ìyọ́nú náà ga, ṣùgbọ́n orí ẹ̀yìn ẹrú ni ó dúró lé.

Alonso de Sandoval, ọ̀gá tí ó kọ́ Claver ní iṣẹ́ náà, kò ṣàì ronú sí i. Òun ni ó kọ ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní Seville ní ọdún 1627, nínú èyí tí ó ti ka àwọn ẹ̀yà ènìyàn dúdú tí ó ń bá pàdé lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ Lukumí wà níbẹ̀. Ọkàn Sandoval kò balẹ̀. Ó kọ ìwé sí àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Luanda ní ilẹ̀ Àńgólà, Luis Brandão, ó bi í bóyá ọ̀nà tí ó tọ́ ni wọ́n ń gbà mú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ìdáhùn tí ó gbà ni pé kí ó fọkàn balẹ̀: àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n wà nítòsí kò rí àléébù níbẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé a fi ipá mú àwọn díẹ̀, a kò lè máa wá wọn rí láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ń bá ọkọ̀ lọ lọ́dọọdún. Ẹ kíyè sí ìdáhùn yìí. Sandoval béèrè baba ẹrú. Wọ́n dá a lóhùn pé ọ̀nà jìn. Ó gba ìdáhùn náà, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni mo dé tí mo fi rántí àwọn ẹni kẹta, àwọn méjì tí orúkọ wọn kò gbajúmọ̀: Francisco José de Jaca, ará Sípéènì, àti Epifanio de Moirans, tí ó wá láti agbègbè Burgundy. Ẹgbẹ́ Capuchin ni àwọn méjèèjì. Wọ́n pàdé ní ìlú Havana ní Kúbà ní ọdún 1681. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ kò lọ́jú pọ̀: àwọn ènìyàn dúdú wọ̀nyí jẹ́ òmìnira, ẹni tí ó bá ní wọn kí ó tú wọn sílẹ̀, kí ó sì san owó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Bí olówó ẹrú bá wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọn kì yóò dárí jì í àfi bí ó bá gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kíá ni àwọn aláṣẹ ìjọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìdàpọ̀, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ padà sí Sípéènì. Inú àtìmọ́lé ni olúkúlùkù wọn ti kọ ìwé láti gbèjà ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé méjèèjì kò rí ìtẹ̀jáde ní ayé wọn.

Nítòsí ìgbà kan náà, ọkùnrin dúdú kan, Lourenço da Silva de Mendonça, tí ó ti inú ìdílé ọba Ndongo ní Àńgólà wá, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé Róòmù, ó sì gbé ẹjọ́ àwọn ẹrú wá síwájú Póòpù ní ọdún 1684. Ìgbà yìí ni ọ̀nà kò jìn mọ́. Baba ẹrú dé fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1686 ìgbìmọ̀ ìjọ ní Róòmù dáhùn pé kò tọ́ láti fi ipá àti ẹ̀tàn mú aláìṣẹ̀, pé ẹni tí ó fẹ́ rà gbọ́dọ̀ wádìí, pé ẹni tí ó bá ti mú wọn lọ́nà àìtọ́ gbọ́dọ̀ tú wọn sílẹ̀ kí ó sì san gbèsè. Ìdáhùn náà dára. Òwò náà kò dúró.

Ó tó àkókò wàyí kí a wọ̀n wọ́n. Ẹnì kan lè wí pé, "Ayé ìgbà náà ni ó rí bẹ́ẹ̀, má fi òṣùwọ̀n òní wọn ará àná." N kò lè gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Ayé ìgbà náà ni Montesinos gbé, òun náà ni Jaca gbé. Òṣùwọ̀n tí mo ń lò kì í ṣe ti òní; ti Jaca ni, ó sì ti wà ní Havana ní ọdún 1681. Ohun tí ó ṣòro nígbà náà kì í ṣe mímọ̀. Wíwádìí ni, nítorí pé ẹni tí ó bá wádìí kò ní lè padà sùn.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Jaca kò tú ẹrú kan sílẹ̀, Claver fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lómi mu. Èwo ni ó wúlò?" Ìbéèrè yìí lágbára, n kò sì fẹ́ fò ó dá. Ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ nínú ikùn ọkọ̀ kò lè dúró de ìgbà tí ìgbìmọ̀ Róòmù yóò dáhùn. Omi ni ó ń wá, lónìí, nísinsìnyí. Bí gbogbo ènìyàn bá ń kọ ìwé, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé omi, òkú ni òmìnira yóò wá bá. Nítorí náà n kò ní ta Claver dànù. Ṣùgbọ́n omi tí a gbé wọ inú ọkọ̀ lónìí kò dí ọkọ̀ ọ̀la lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé ó tilẹ̀ ń tu ọkàn ẹni tí ó ni ọkọ̀ nínú: ó rí àlùfáà tí ń tọ́jú ẹrù rẹ̀, ó sì rò pé òwò òun mọ́.

Ọ̀dọ̀ tèmi, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kò sí nínú bí àánú wọn ti pọ̀ tó. Ó wà nínú ibi tí ìbéèrè olúkúlùkù wọn dúró sí. Las Casas kò béèrè nígbà tí ó yẹ kí ó béèrè. Sandoval béèrè, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ó rọrùn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Claver béèrè pé, "Kí ni ó ń dùn ọ́?" Jaca àti Moirans béèrè pé, "Ta ni ó mú ọ wá síhìn-ín, àṣẹ ta ni ó sì fi mú ọ?" Àánú a máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú, ṣùgbọ́n kò pé títí yóò fi béèrè ọ̀nà ilé baba ẹni tí a ń ṣàánú. Ẹni tí ó bá béèrè ìyẹn nìkan ni ó ka ẹrú sí ọmọ ènìyàn. Àwọn yòókù kà á sí ẹni tí ìyà ń jẹ.

Kí a má ṣe rò pé ẹjọ́ òyìnbó nìkan ni mo ń dá. Àwọn baba wa ni wọ́n pa òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n wí pé, "Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ." Síbẹ̀, nígbà tí ogun gba ilẹ̀ wa kan lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́, ọmọ Yorùbá ni ó ń mú ọmọ Yorùbá lọ sí etíkun. A mọ òwe, a sì ṣí ọjà. Ìmọ̀ nìkan kò gbà wá, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì nìkan kò ti gba àwọn ará Havana.

Ohun kan tún wà nínú èdè wa tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Àgùdà ni Yorùbá ń pe ọmọ ìjọ náà. Orúkọ àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú ní Bràsíl àti Kúbà padà wálé ni. Kí àlùfáà òyìnbó tó wá jókòó sí Èkó ní ọdún 1868, ọkùnrin kan tí ó ti Bràsíl dé, tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Ọmọ tí ọ̀nà jìn sí ni ó rin ọ̀nà náà padà, tí ó sì sọ ìjọ lórúkọ. Ní ọdún 1888 tí Póòpù Leo Kẹtàlá ka Claver mọ́ àwọn ẹni mímọ́, ọdún náà gan-an ni Bràsíl tó tú ẹrú tí ó kù sílẹ̀. Ọdún 234 ni ó wà láàrin ikú Claver àti ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò ṣe pẹ́ tó láàrin omi àti òmìnira.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, kò sí ọjà ẹrú ní ìlú wa mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ wà. Ó wà nínú ilé tí a ti ń jẹun, ó ń fọ abọ́ tí a fi jẹun, ó ń jí kí àwọn ọmọ onílé tó jí. Ọ̀pọ̀ wa ni a ń ṣàánú rẹ̀. A ń fún un ní aṣọ tí ó ti kéré jù fún wa, a sì ń rò pé a ti ṣe tiwa. Ẹ jẹ́ kí a bi í ní orúkọ baba rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi í ní ẹni tí ó mú un wá, iye tí wọ́n gbà lórí rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó lọ sí ilé ìwé kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà kí a bi onílé pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ìbéèrè yìí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àfi bí a bá béèrè rẹ̀ ni a fi lè sọ pé a mọ ìtumọ̀ òwe tí a ń pa.